Ìyá Inú Ilé Títì

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí Èyítáyọ̀ tó wọ ọkọ̀ lọ sí sẹkitéríàtì ní Abéré, á ti kọ́kọ́ kí àwọn ìyá àti bàbá tí kò bí i, tí kò bá a tan, tí kò sì fojú kàn rí. Orí Fesibúùkù ló ti ń kí wọn. Á gbé fóònù ti kọ́ọ̀bù tíì, á máa fi ọwọ́ kan ya búrẹ́dì, á máa fi ìkejì tẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ìyá wa, ẹ ó pẹ́ fún wa o." Bí o bá bá a sọ̀rọ̀ ní àsìkò yẹn, kò ní gbọ́ ọ. Ènìyàn rere ni o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kó kọ́kọ́ ka iye ènìyàn tó ti jàǹfààní rẹ̀.

Ẹni tó kó o sí iṣẹ́ yìí ni Phebe Ọlọ́rundáre, tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá Phebe. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó wo àdúgbò rẹ̀ yíká, ó rí i pé àwọn ọmọ wà ní Èkó, wọ́n wà ní Kánádà, àwọn arúgbó nìkan ló kù tí wọ́n ń ṣọ́ ilé pẹ̀lú adìyẹ. Ló bá mú ọ̀pá, ó mú fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé dé ilé láràárọ̀. Á kan ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ jí ire?" Lẹ́yìn náà, á dúró. Inú ìdúró yẹn ni ọkàn gbogbo àwọn tó ń wò ó máa ń so rọ̀. Bí ohùn bá ti inú ilé dáhùn pé, "A jí ire o," á rẹ́rìn-ín, á gbàdúrà, á kọjá sí ilé tó kàn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, á wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá tíṣà àgbà kan nílẹ̀ balùwẹ̀ tí kò lè dìde, tó sì gbà á là. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbé sórí Fesibúùkù, kí àwọn ọmọ tó wà lókèèrè lè rí òbí wọn.

Raliat, tí òun àti Èyítáyọ̀ jọ ń jókòó ní ọ́fíìsì kan náà, ló fi fídíò ti tíṣà yẹn ránṣẹ́ sí i. Èyítáyọ̀ wò ó, ó sunkún débi pé àtíkè ojú rẹ̀ ṣàn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di apá ọ̀tún Màmá Phebe ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, ó mọ bí a ti ń tọrọ fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ó sú ẹni tí à ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Awò ojú, bùláńkẹ́ẹ̀tì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mílíìkì, ọ̀pá ìtilẹ̀ tí ìyá àgbà ẹnìkan fi sílẹ̀ kó tó kú, gbogbo rẹ̀ ń ti ọwọ́ Èyítáyọ̀ kọjá lọ sí Iléṣà. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń wo ojú ewé náà fi sọ ọ́ ní Ọmọ Gbogbo Ìyá. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú. Ta ni kò ní dùn mọ́?

Ṣùgbọ́n orí Fesibúùkù kì í ṣe ibi tí à ń jókòó sí kí ojú má rí ni. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan tí kò lo orúkọ, tó fi àwòrán òdòdó sí ibi tí ojú rẹ̀ ìbá wà, kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé: "Ọmọ Gbogbo Ìyá, ìyá tìrẹ ńkọ́?"

Ìyá tirẹ̀ wà ní Iwaraja, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ kó tó ṣaláìsí. Òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Èyítáyọ̀ kì í jẹ́ kí oúnjẹ tàbí oògùn wọ́n ọn. Ojú rẹ̀ ni ìyá kì í rí. Ìbéèrè yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó wakọ̀ lọ sí Iwaraja, ó ní kí ìyá òun múra, kí àwọn jọ máa lọ sí Òṣogbo. Ìyá kò bá a jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Ó dáa," ló wí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dágbére. Kí n kí àwọn aládùúgbò, kí n sì kí ulé mi náà."

Ní ìdílé tiwọn, àgbà kì í fi ilé sílẹ̀ lọ gbé ibòmíràn láì dágbére. Á lọ sẹ́nu ọ̀nà àwọn aládùúgbò, á padà wá fọwọ́ kan òpó àti ilẹ̀kùn tirẹ̀, á sọ ibi tó ń lọ fún ilé, á sì sọ ìgbà tó ń bọ̀. Èyítáyọ̀ mọ èyí láti kékeré. Ṣùgbọ́n òjò ti ń ṣú, ó sì fẹ́ kí àwòrán tí òun fẹ́ yà pẹ̀lú ìyá òun bá ìmọ́lẹ̀.

"Yèyé mi, ẹ óò máa fi fóònù kí wọn," ó wí. "Ilé kò ní etí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó fà á lọ́wọ́ jáde, ó fi ágádágodo ti ilẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì. Nínú ọkọ̀, ó gbé fóònù sókè, ó ya àwòrán náà, ó kọ ọ́ sí i pé, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Ìyìn tí ó gbà lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé fóònù rẹ̀ gbóná. Ìyá rẹ̀ yíjú padà, ó ń wo ilé títí tí ọkọ̀ fi yà.

Ní Òkè-Baálẹ̀ tí Èyítáyọ̀ ń gbé, ilé dákẹ́. Mùyídéènì ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìwó, kùtùkùtù ló ń jáde. Àwọn ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń sùn. Ìyá ní yàrá tirẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó ní tẹlifíṣọ̀n. Láàárọ̀, Èyítáyọ̀ á sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ ní pálọ̀, fóònù lọ́wọ́, á ní, "Yèyé mi, tíì wà lórí tábìlì o," á sì padà sọ́dọ̀ àwọn ìyá orí Fesibúùkù.

Ìyá kọ́kọ́ ń dáhùn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó ń mi orí. Nígbà tó tún yá, kò mi orí mọ́. Ó jókòó sórí àga láti àárọ̀ dalẹ́, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró díẹ̀. Èyítáyọ̀ gbé e lọ rí dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lókè-nílẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, ọkàn rẹ̀ dára, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dára. Ó ní àgbà ló dé.

Àgbà ló dé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣe ti àgbà. Lọ́jọ́ kan Èyítáyọ̀ fẹ́ ya ìyá rẹ̀ ní fọ́tò. Ẹ mọ àmì kékeré tó máa ń yí ojú ènìyàn ká nínú fóònù, tó fi ń wá ojú kó tó ya fọ́tò. Àmì náà yí ojú bíṣọ́ọ̀bù tó wà lórí kàlẹ́ńdà ká. Ó yí ojú Èyítáyọ̀ fúnra rẹ̀ ká nínú dígí. Ó kọjá lórí ìyá rẹ̀ lọ, ó kọjá bọ̀, kò dúró. Nígbà tó ya fọ́tò náà tipátipá, gèlè hàn, ìró hàn, ọwọ́ àga hàn. Ojú ìyá rẹ̀ rí bàìbàì, bí ibi tí wọ́n fi aṣọ tútù nù lórí pátákó ìkọ̀wé. Ó nu fóònù náà sára aṣọ rẹ̀, ó ní iná ló fà á.

Ní ọjọ́ mìíràn, Raliat wá kí i. Ó jókòó, ó mu mínírà, ó sọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Màmá ń sùn ni? Mo fẹ́ kí wọn kí n tó lọ."

Ìyá jókòó sí iwájú rẹ̀ gan-an. Orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

Èyítáyọ̀ wo Raliat, ó wo ìyá rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń sùn. Nígbà tí Raliat lọ tán, ó sún mọ́ àga náà, ó tẹ tìmùtìmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó rì. Ó wo ibi tí ìyá rẹ̀ jókòó lé. Ibẹ̀ kò rì rárá. Ẹ̀rù bà á, ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Láàárín àsìkò yẹn, iṣẹ́ Màmá Phebe ń gbèrú. Èyítáyọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dídùn bá a wá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà lókè òkun, kó lè máa kọjá Iléṣà lọ sí àwọn ìlú tó yí i ká. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ náà ṣe dé Iwaraja nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Èyítáyọ̀ ń wo fídíò bí ìṣe rẹ̀, ó rí igi ìbẹ́pẹ kan tó mọ̀. Ó rí fèrèsé aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó rí àtẹ̀gùn tí òun ti ṣubú lórí rẹ̀ nígbà èwe. Màmá Phebe kò mọ̀ pé ilé ẹnikẹ́ni tí òun mọ̀ ni. Ágádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n òfin tirẹ̀ ni pé kò sí ilẹ̀kùn tí òun kì í kí, nítorí ó ti bá àwọn arúgbó pàdé tí àwọn ọmọ tì mọ́lé lọ sóko kí wọ́n má baà ṣìnà. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó kan ilẹ̀kùn.

Èyítáyọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ti ń tẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá, ilé wa nìyẹn o, kò séèyàn níbẹ̀."

"Ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ jí ire?"

"A jí ire o!" ohùn kan dáhùn láti inú ilé. "Ẹ kú ìrìn àárọ̀ o. Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Kì í ṣe ohùn jẹ́jẹ́ tó gbé wá sí Òṣogbo. Ohùn ayé àtijọ́ ni, èyí tó máa ń pè é láti odò kó wá ru omi. Èyítáyọ̀ kò fi ohun tó tẹ̀ ránṣẹ́ mọ́, ó yíjú padà wàrà. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga, ẹnu rẹ̀ pa dé gbọningbọnin. Ojú rẹ̀ nìkan ló wà lára fóònù, ojú náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Gbogbo wa la ti gbọ́ ti àkúdàáyà, òkú tó lọ fi ìlú mìíràn ṣe ibùgbé, tó ń tajà, tó ń bímọ, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi dé. Ta ló gbọ́ ti alààyè tó jókòó ní Òṣogbo tí wọ́n ń kí i ní Iwaraja, tó sì ń jẹ́? Ẹni bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èyítáyọ̀ kò tilẹ̀ rìn, orí àga oúnjẹ ló jókòó sí.

Màmá Phebe kò bojú wẹ̀yìn, ó ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Àwọn èrò orí Fesibúùkù nífẹ̀ẹ́ ohùn náà, nítorí ó ń ṣàwàdà, ó ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ Màmá Phebe, ó ń súre fún àwọn tó ń gbọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Inú Ilé Títì. Ìfẹ́ kò sì pẹ́ tó fi di ìbínú. "Ta ni ọ̀dájú ọmọ tó ti ìyá rẹ̀ mọ́lé?" "Ẹ jẹ́ ká wá a jáde!" "Ọmọ Gbogbo Ìyá, ẹ bá wa dá sí i, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe." Èyítáyọ̀ kà á, ó sì pa fóònù. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀bùn wá sílé rẹ̀ fún Ìyá Inú Ilé Títì: bùláńkẹ́ẹ̀tì, tìmùtìmù, agolo mílíìkì. Wọ́n ń gbé e kọjá níwájú ìyá rẹ̀ lọ sí ìdí ògiri. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kí i, nítorí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí i. Mùyídéènì fúnra rẹ̀ ti ń gbé àwo oúnjẹ méjì péré wá sí tábìlì ní òpin ọ̀sẹ̀, láì mọ̀ pé òun gbàgbé ẹnìkan.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, Èyítáyọ̀ pe Màmá Phebe lórí fóònù, ó jẹ́wọ́.

"Ilé bàbá mi ni, mà. Èmi ni mo tì í. Kò sí ènìyàn nínú ẹ̀. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi níbí, mò ń wò wọ́n báyìí."

"Oúnjẹ tí mò ń gbé sójú fèrèsé ńkọ́?" Màmá Phebe bi í. "Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo máa ń bá abọ́ náà ní fífọ̀, wọ́n á ti dojú ẹ̀ délẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má kí i mọ́. Ohun yòówù kó jẹ́ nínú ilé yẹn, òun ló ń mu ìyá mi gbẹ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, màmá mi á gbádùn."

"Nọ́ọ̀sì ni mí, Èyítáyọ̀. Mi ò mọ èyí tó ń mu èkejì gbẹ." Ohùn Màmá Phebe rẹlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ni. Mi ò ní lọ lọ́la."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Èyítáyọ̀ kò fọwọ́ kan Fesibúùkù. Ó lọ tààrà sí yàrá ìyá rẹ̀ láti wò bóyá ara ti ń mókun. Ìyá sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyítáyọ̀ fọwọ́ kàn án, ó tutù. Ó pè é, kò dáhùn. Ó mì í, ó sì rọ́ sílẹ̀ padà bí aṣọ. Èémí wà nímú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó wá, ó sì ń pẹ́ kó tó lọ. Èyítáyọ̀ pariwo, kò sẹ́ni nílé. Ó pe Màmá Phebe, ẹkún kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ já geere.

"Mà, ẹ gbà mí! Ẹ padà lọ kí i! Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ kí i!"

Màmá Phebe kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó gun kẹ̀kẹ́, kò pa fóònù. Èyítáyọ̀ gbé fóònù sórí pílò, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, ó ń gbọ́ afẹ́fẹ́, ó ń ka èémí. Ìrìn náà kò fẹ́ tán. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́ ọ̀pá lára ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ jí ire?"

"A jí ire o," ohùn inú ilé dáhùn nínú fóònù. "Mo ti rò pé ẹ ò ní wá mọ́."

Lórí bẹ́ẹ̀dì ní Òṣogbo, ìyá rẹ̀ la ojú.

Èyítáyọ̀ wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ló ti yé e, òye náà sì dùn ún ju ẹ̀rù lọ. Láti ọjọ́ tó ti gbé ìyá rẹ̀ wá, kò tíì kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ rí. Kò bi í rí pé ṣé ó jí ire. Gbogbo ìkíni tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló ti tẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ìyá ẹlòmíràn kí tíì tó tutù. Ojú tì í, nínú yàrá tí kò sẹ́ni tó ń wò ó.

"Ẹ káàárọ̀, Yèyé mi," ó wí, ó kúnlẹ̀ dáadáa. "Ṣé ẹ jí ire?"

Ìyá rẹ̀ wò ó, ojú rẹ̀ kọjá lára rẹ̀ lọ bí ti àwọn àlejò tó ń gbé mílíìkì kọjá. Kò dáhùn.

"Mo gbọ́ ọ," Màmá Phebe wí nínú fóònù. "Gbé e bọ̀. Gbé e bọ̀ lónìí. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n, wọn ò lè pẹ́ nílé méjì. Mo sì ń bẹ̀rù pé ibi tí wọ́n ti ń kí wọn ni wọ́n máa dúró sí."

Èyítáyọ̀ gbé ìyá rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀. Kò wúwo. Ó tẹ́ ẹ sórí àga ẹ̀yìn, ó de bẹ́líìtì mọ́ ọn, ó sì kọrí sí ọ̀nà Iléṣà. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ti ń wakọ̀. Gbogbo ohun tí kò bá a sọ láti ọdún yìí wá ló ń sọ: àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa, Mùyídéènì ń fẹ́ kí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Òṣogbo, òun Èyítáyọ̀ kò bínú rí, iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ni. Ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó ń wò ó nínú dígí iwájú. Ní Iléṣà, ó ṣì ń rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n já sí ọ̀nà Àkúrẹ́, gèlè ló ń rí. Ó fi ẹsẹ̀ tẹná mọ́ ọkọ̀, kò wo dígí náà mọ́, nítorí ẹ̀rù.

Màmá Phebe jókòó sórí àtẹ̀gùn ní Iwaraja, ọ̀pá láàárín orúnkún. Fóònù rẹ̀ wà nínú báàgì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí Fesibúùkù nìyí.

"Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ló máa kan ilẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí," ó wí. "Ìwọ lọmọ. Kí wọn."

Èyítáyọ̀ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì gbígbóná níwájú ilẹ̀kùn títì.

"Ẹ kúulé o, Yèyé mi."

"Ẹ káàbọ̀ o," ohùn náà wí, tòun ti ọ̀yàyà. "Ta lẹ jẹ́?"

"Èmi ni. Èyítáyọ̀ ni."

Ẹni inú ilé rẹ́rìn-ín. "Ẹ wáá wò ó! Orúkọ ọmọ mi nù-un. Òun wà l'Óṣogbo. Uṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀; àwọn ìyá ló ń tọ́jú."

Màmá Phebe gbé ojú sílẹ̀. Èyítáyọ̀ tú báàgì rẹ̀ dà sílẹ̀, ó wá kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ágádágodo náà. Ó ti ilẹ̀kùn.

Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àpótí nínú pálọ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ilẹ̀ mọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a ni, eruku kankan kò sí nínú ilé tí wọ́n ti tì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó gbójú sókè, ó fi ẹ̀rín kí wọn, ẹ̀rín tí à ń fi í kí àlejò.

Èyítáyọ̀ sáré padà síbi ọkọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bẹ́líìtì wà ní dídè gbọningbọnin. Ìró, bùbá àti gèlè wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣì ká bí ara ènìyàn ti í ká. Ó tẹ ọwọ́ lé wọn, wọ́n rọlẹ̀, wọ́n sì tutù.

Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó lórí ìdúró níbẹ̀. Màmá Phebe ló fà á lọ́wọ́ wọlé. Ìyá rẹ̀ wà láàyè, ara rẹ̀ dá, ohùn rẹ̀ já gaara. Ohun tí Èyítáyọ̀ bẹ Ọlọ́run fún láti àárọ̀ nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di orúnkún rẹ̀ mú, orúnkún náà gbóná, ó sì le. Ìyá wò ó dáadáa, ó wá ojú náà títí nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i.

"Ẹ dìde, ẹ má sunkún," ó wí, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń bá ìyá yìí ṣe uṣẹ́ oore, àbí? Olúwa á san án fún yín. Ọmọ yín ò ní gbàgbé yín."

"Yèyé mi, ẹ wò mí."

"Mò ń wò yín, ọmọ ẹni rere." Ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀, ó bó ọ̀kan, ó tún rántí nǹkan, ó dáwọ́ dúró. "Àbí Òṣogbo lẹ ti wá?"

Èyítáyọ̀ mi orí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá padà débẹ̀, ẹ bá mi wá ọmọ mi. Ẹ ní mi ò bínú. Ẹ ní bí uṣẹ́ bá dín lọ́wọ́ ẹ̀, kó yà wò mí."

"Màá sọ fún un, mà," Èyítáyọ̀ wí.